Àgbẹ̀ Kì í Ta Irúgbìn

Ní Ajangbadi níbí, bí líìgì bá ti parí, ariwo ta ni kí ẹgbẹ́ tà, ta ni kí wọ́n mú, kì í tán lẹ́nu wa. Èrò tèmi rèé.

Ní 2025, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba ife líìgì ilẹ̀ wa fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti ọdún 2000 tí Julius Berger ti Èkó ti gbà á, ife náà kò tún wọ ilẹ̀ Yorùbá mọ́. Ayọ̀ wa pọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 kan náà, Mamelodi Sundowns ti South Africa nà wọ́n ní 5 sí 1 ní Abẹ́òkúta, nínú ìdíje àwọn olúborí Áfíríkà. Ife ilé yàtọ̀ sí ti òde.

Ẹ wo Enyimba ti Aba. Vincent Enyeama ló ṣọ́lé fún wọn nígbà tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní 2003. Ní 2004 tí wọ́n tún gbà á, òun náà ló ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó ti jọ gbá bọ́ọ̀lù pẹ́ máa ń mọ ẹsẹ̀ ara wọn.

Mi ò sọ pé kí ẹgbẹ́ má ta ẹnikẹ́ni. Owó ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà, ọ̀dọ́ náà sì ń wá ọ̀nà àtilà. Ṣùgbọ́n ẹ má ta aṣọ́lé, ẹlẹ́yìn àti ẹni tó ń gbá góòlù sáwọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ẹni tuntun ti mọ iṣẹ́ kí ti àtijọ́ tó lọ.

Àgbẹ̀ tó ta àgbàdo tán láìfi irúgbìn sílẹ̀, kí ni yóò gbìn lámọ̀ọ́dún?