Àìsàn Ọpọlọ Kì í Ràn Nọ́ọ̀sì

Àìsàn ọpọlọ kì í ràn. Ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà ni pé ẹni tó bá pẹ́ nídìí wèrè, wèrè yóò mú un. Ìgbàgbọ́ yìí ló ń jẹ́ kí òbí fárígá nígbà tí ọmọ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ọpọlọ, tí wọ́n sì ń wo ẹni tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá bí ẹni tí orí tirẹ̀ náà fẹ́ dàrú.

Àìsàn tó ń ràn ní ohun tó ń gbé e kiri: ikọ́ ife ní kòkòrò, ibà ní ẹ̀fọn. Ohun tó ń dá àìsàn ọpọlọ sílẹ̀ yàtọ̀: àjogúnbá, igbó mímu, ìbímọ, ìbànújẹ́ ńlá. Kò sí èyí tó lè ti ara aláìsàn fò mọ́ ẹni tó ń fún un lóògùn.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà l'Ábẹ́òkúta. Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n wọn sì ń bá wọn gbé níbẹ̀. Wọn a wá gbàtọ́jú, wọn a padà sábúlé. Àwọn mìíràn ń bá àgbẹ̀ roko. Bí wèrè bá ń ràn ni, ta ni ì bá kù nínú àwọn onílé wọ̀nyẹn? Lámbò fúnra rẹ̀ di ọ̀gá Yunifásítì Ìbàdàn, ó tún di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. A kì í gbé irú ipò bẹ́ẹ̀ lé ẹni tí orí rẹ̀ dàrú lọ́wọ́.

Òótọ́ ni pé nọ́ọ̀sì mìíràn máa ń rẹ̀wẹ̀sì, tí oorun á dá lójú rẹ̀. Kì í ṣe aláìsàn ló kó o ràn án. Wọ́ọ̀dù tó yẹ kí ẹni mẹ́ta ṣọ́ lóru ni òun nìkan ń ṣọ́; aláìsàn gbá a létí, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé. Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti burú jù nìyí: bó bá ní òun kò rí oorun sùn, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a rẹ́rìn-ín pé, “Ó ti ń ràn ọ́ nìyẹn.” Kò tún ní sọ mọ́. Yóò gbé e sínú títí tí yóò fi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun lọ sí wọ́ọ̀dù aláboyún, tàbí kó já pa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí yóò tún ti máa tọ́jú aláìsàn ọpọlọ. Bó bá ṣe pé wèrè ló ń sá fún, ibẹ̀ kọ́ ni ì bá sá lọ.

Ní oṣù kejì 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà ní kí nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tó bá gbàwé-àṣẹ kí wọ́n tó lè jẹ́rìí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun. Ìyẹn kò fi ẹnì kankan kún iṣẹ́ òru. Ohun tó lè mú àwọn nọ́ọ̀sì dúró ni ẹnì kejì lóru, owó ewu iṣẹ́ tó ń wọlé lásìkò, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń di aláìsàn tó ń jà mú láìṣe é léṣe, àti ẹni tí wọ́n lè sọ fún pé ó rẹ àwọn. Àwọn olùrànlọ́wọ́ wọ́ọ̀dù, tó ń bá aláìsàn jókòó ju dókítà lọ tí owó wọn sì kéré jù, ló yẹ kó kọ́kọ́ rí nǹkan wọ̀nyí gbà.