Àlejò Tí Kò Sùn Mọ́jú

Bí ẹ bá dúró sí ìsàlẹ̀ Òkè Ìdànrè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí wọn: bọ́ọ̀sì ńlá láti Èkó, bọ́ọ̀sì eléèyàn méjìdínlógún láti Ìbàdàn, àwọn ọ̀dọ́ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ kan náà, tí wọ́n ti na fóònù sókè kí ẹsẹ̀ wọn tó kan ilẹ̀. Òkè ni wọ́n wá gùn. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló wà níwájú wọn kí wọ́n tó dé ìlú àtijọ́, níbi tí àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tán ní nǹkan bí ọdún 1933. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀, ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀, ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn náà wà nínú àpáta, èyí tí wọ́n ní ó máa ń ba ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mu, ọmọdé ì báà ṣe, àgbà ì báà ṣe, àfi bí onítọ̀hún bá jẹ́ àjẹ́. Nígbà tí yóò bá fi di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn ti padà sínú ọkọ̀, ọ̀nà ilé yá.

Ìran yìí dùn ún wò, òun ló sì ń mú kí àwọn olóṣèlú wa máa sọ pé ìrìn-àjò afẹ́ ni yóò gba ipò epo rọ̀bì lọ́jọ́ kan. Ìbéèrè tèmi kò gùn: nínú owó tí ọkọ̀ wọ̀nyí gbé kúrò nílé, èló ló sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdànrè?

Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ kan ṣírò. Ká ní èèyàn ọgbọ̀n ló wà nínú rẹ̀, tí oníkálukú san 35,000 náírà fún ẹni tó ṣètò ìrìn náà l'Ékòó. Àpẹẹrẹ lásán ni. Ẹni tó bá mọ iye mìíràn lè fi rọ́pò rẹ̀, ọ̀nà ìṣirò náà kò ní yí padà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan àti 50,000 náírà. Owó ọkọ̀ àti epo ni yóò kọ́kọ́ bu ibi tó tóbi jù nínú rẹ̀, ìyẹn sì ti dúró sọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ Èkó àti ilé epo ojú ọ̀nà Orè. Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wọ̀, Ṣómólú ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìyẹ inú kúlà, ẹnì kan ní Agége ló sè é mọ́jú. Ẹni tó ń ya fọ́tò bá wọn wọ ọkọ̀ láti ilé ni. Owó ìwọlé tí wọ́n san lẹ́nu ọ̀nà, àpò ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Àkúrẹ́ ló ń lọ. Ohun tó kù fún ìlú ni owó afinimọ̀nà, omi inú ọ̀rá, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti ọ̀rá tí wọ́n ti mu omi inú rẹ̀ tán.

Mo bi ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà nísàlẹ̀ òkè nígbà kan pé, “Ẹ kú ọjà o, ìyá. Àwọn ọmọ Èkó yìí, ṣé wọ́n ń rajà lọ́wọ́ yín?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Omi ni wọ́n ń rà, ọmọ mi. Òùngbẹ nìkan ni wọn kì í dì wá láti ilé.”

N kò dá àwọn ọ̀dọ́ náà lẹ́bi. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí yóò fi di ìparí ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ti kọjá 1,000. Ẹni tó fẹ́ gun òkè kò ní owó tó pọ̀ sí i. Ọkọ̀ ló ń gba èyí tó yẹ kó ná nígbà tó bá dé ibi tó ń lọ. Ohun tó sì rọrùn jù fún un láti gé kúrò ni oúnjẹ ìlú oníìlú àti ibùsùn.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ. Àlejò tó lọ tó bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, owó kékeré ló ń fi sílẹ̀ bó ti wù kí ó lówó tó, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ni ebi ń pa á níbẹ̀, kò sì sí ohun tó fẹ́ rà ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Ẹni tó bá sùn yóò jẹun alẹ́, yóò jẹun àárọ̀, yóò gun ọ̀kadà lọ sí ibi kan tí kò sí nínú ètò, fóònù rẹ̀ yóò kú, yóò wá ibi tó ti máa gba iná sí i. Bí mẹ́wàá nínú ọgbọ̀n yẹn bá sùn mọ́jú, méjì-méjì nínú yàrá márùn-ún, tí yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10,000 náírà, tí oníkálukú sì jẹ iyán 4,000 lálẹ́ àti oúnjẹ 2,500 láàárọ̀, 115,000 náírà ti sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Kì í sì í ṣe owó tí yóò tètè jáde nílùú. Ẹni tó gún iyán náà ra iṣu lọ́wọ́ àgbẹ̀ ìtòsí, ó ra ẹ̀gúsí lọ́jà, ó sanwó fún ọmọ tó pọnmi.

Òṣogbo mọ èyí tipẹ́, bí kò tilẹ̀ jẹ́ pé nítorí owó ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò sí ẹni tó lè fi ọjọ́ kan wo ọdún Ọ̀ṣun tán. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lóṣù kẹjọ, ọ̀kan nínú ohun tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ ni iná olójúmẹ́rìndínlógún. Òru ni wọ́n ń tàn án, òru náà ni wọ́n ń jó yí i ká. Ẹni tó bá fẹ́ rí iná yẹn kò lè wà lójú ọ̀nà Èkó lásìkò kan náà. Ìdí nìyí tí àwọn tó ti Brazil àti Cuba wá bọ Ọ̀ṣun fi ń gba yàrá, tí àwọn tó wá wòran náà sì ń gba yàrá. UNESCO fi igbó Ọ̀ṣun kún ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Òkè Ìdànrè ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí wọ́n gbà wọlé láti ọdún 2007. Ibẹ̀ náà ló ṣì wà.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ òrìṣà di eré orí ìtàgé. Ìdànrè ní ọdún Ọ̀rọ̀sùn tirẹ̀, àwọn tó ni ín ló mọ ohun tí àlejò lè rí níbẹ̀ àti ohun tí kò gbọdọ̀ rí. Ṣùgbọ́n òkè fúnra rẹ̀ ní ohun tó ń ṣe lójúmọ́ láìsanwó: nígbà ọyẹ́, kùrukùru máa ń bo àfonífojì ní ìdájí, àwọn orí àpáta á wá yọ jáde lókè rẹ̀ kí oòrùn tó là. Ẹni tó bá fẹ́ wà lókè ní agogo mẹ́fà àárọ̀, dandan ni kó ti sùn sí Odòde tàbí Aládé lálẹ́ àná. Owó ìwọlé ìdájí yẹ kó wọ́n ju ti ọ̀sán lọ, kí ó sì ní afinimọ̀nà tirẹ̀. Nígbà ìjọba Gómìnà Mímikò, wọ́n gbé ayẹyẹ òkè gígùn tí wọ́n pè ní Mare kalẹ̀, wọ́n sì pe àwọn agunkè láti òkè òkun. Ariwo pọ̀. Ariwo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dún kò lè bọ́ ilé oúnjẹ kan la oṣù méjìlá já.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tó lágbára jù tí àwọn àlejò kì í fi í sùn. Ẹ̀rù ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà l'Ékìtì, lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n sì jí àwọn ọmọ iléèwé gbé ní Ẹ̀múré. Ta ló gbọ́ ìyẹn tí yóò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú òun ní àdúgbò yìí? Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá dá ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n sì ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìnáwó ìjọba, owó Amọ̀tẹ́kùn wà ní ojú ìwé kan, owó ìrìn-àjò afẹ́ wà ní òmíràn, bí ẹni pé wọn kò mọ ara wọn rí. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Àkúrẹ́ àti Ìdànrè láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì dé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yóò ta yàrá ju ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí owó ìwọlé. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ ní ọdún 2013, nínú ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pe ìpínlẹ̀ Èkó, pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ni agbára lórí ilé ìtura àti ìrìn-àjò afẹ́ ní ilẹ̀ wọn. Nítorí náà Àkúrẹ́ kò ní láti dúró de Àbújá kí ó tó pín owó òkè fún àwọn tó ni òkè. Ní Rwanda, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ọgbà ẹranko ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ará abúlé ìtòsí ní ọdún 2005. Ní ọdún 2017, wọ́n sọ owó ìwé àṣẹ láti wo ìnàkí ńlá di 1,500 dọ́là láti 750, fún wákàtí kan péré pẹ̀lú wọn, èèyàn mẹ́jọ ló pọ̀ jù nínú ìkọ̀ kan. Nígbà náà ni wọ́n sọ ìpín àwọn abúlé náà di ìdá mẹ́wàá. Òkè wa kì í ṣe ìnàkí, kò sí ẹni tí yóò san 1,500 dọ́là láti gun àtẹ̀gùn, mo mọ̀. Ètò ìpín yẹn ni mo ń tọ́ka sí. Kò sì ṣàjèjì sí wa: òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó ní epo ní ó kéré tán ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún owó epo náà, Oǹdó wà lára wọn, ìjọba Oǹdó fúnra rẹ̀ ló sì dá àjọ OSOPADEC sílẹ̀ kí owó náà lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ará etíkun Ìlàjẹ. Bí epo bá lè ní ìpín fún ẹni tó gbé lórí rẹ̀, kí ni àpáta ṣe?

Ìṣòro kan wà tí àwọn tó ń kọ̀wé lórí ìrìn-àjò afẹ́ kì í fẹ́ fẹnu kàn: Ìdànrè kì í ṣe ìlú tó ń wá iṣẹ́ kiri. Ìlú kòkó ni. Ní ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ẹ̀ẹ̀rùn tí àlejò ń pọ̀ sì ni ìgbà tí kòkó ń gbó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹ fẹ́ kó máa fi àpáta hàn yín fún owó táṣẹ́rẹ́ lè wà lóko níbi tí wọ́n ti ń fọ́ kòkó, ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n owó kòkó tún wálẹ̀ gan-an ní ọdún 2025, ẹni tó ti ná tọdún tó ń bọ̀ mọ́ tèṣí sì mọ̀ ọ́n lára. Ibi tí àlejò ti wúlò fún àgbẹ̀ nìyí: kì í ṣe láti gba iṣẹ́ oko lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò ṣe láti mú owó wọlé lásìkò tí ọjà kòkó bá dẹnu kọlẹ̀. Yàrá náà sì ti wà. Ẹ wo àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí owó kòkó kọ́ láyé àtijọ́, yàrá mẹ́jọ, mẹ́wàá, àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó àti Lọ́ńdọ́nù, ìyá àgbà nìkan ló kù pẹ̀lú ọmọ-ọmọ kan. Kí ìjọba má tíì kọ́ ilé ìtura tuntun. A mọ bí òtẹ́ẹ̀lì ìjọba ṣe ń parí: ẹ̀rọ amúlétutù tí kò ṣiṣẹ́, òṣìṣẹ́ ogún, àlejò méjì. Kí ó yá onílé ní owó díẹ̀ fún bẹ́ẹ̀dì, àpò ẹ̀fọn àti ilé ìwẹ̀ tó mọ́.

Òkè Ìdànrè tún ní ọ̀pọ̀lọ́ kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn láyé. Orí àwọn àpáta wọ̀nyí nìkan ló wà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń dàgbà nínú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ṣàn lára òkúta. Ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ kò fi rí i, kí wọ́n tó tún rí i ní ọdún 2013. Ẹni tó wá wo ọ̀pọ̀lọ́ kì í bá bọ́ọ̀sì Àbámẹ́ta wá. Ó ń sùn ní ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń gba afinimọ̀nà lójoojúmọ́, ó fẹ́ràn òjò tí àwọn yòókù ń sá fún. Ọjà tí ìlú mìíràn kò lè tà nìyẹn, ọ̀rá omi tí ń dí ojú ìṣàn àpáta sì lè bà á jẹ́.

Bí ìpín owó ìwọlé náà bá dé, ìjà yóò dé pẹ̀lú rẹ̀. Ààfin yóò ní tòun ni, ìjọba ìbílẹ̀ yóò ní tòun ni, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yóò ní àwọn ló ń gun òkè. Èmi yóò fara mọ́ ìgbìmọ̀ tí gbogbo wọn wà nínú rẹ̀, tí àwọn obìnrin ọjà sì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà òkè lóṣooṣù, kí ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ lè kà á. Kí wọ́n fi owó ọdún àkọ́kọ́ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àti òkè, kí wọ́n gba àwọn tí yóò máa fọ̀ ọ́ àti àwọn tí yóò máa ru ìdọ̀tí sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì máa san owó oṣù wọn ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.