Ẹni tó kó kúrò nílé kì í pa orúkọ dà: Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi ń já mọ́ fóònù arìnrìn-àjò lẹ́nu

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n kò sí àgbà kankan tó sọ pé bí ọmọ náà bá dàgbà, tó kó kúrò nílé bàbá rẹ̀, kí ó fi orúkọ náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó máa lọ. Orúkọ a máa bá ènìyàn dé gbogbo ibi tó bá dé. Àwọn tó dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé náà gan-an ni wọ́n fi ṣe orúkọ ọmọ. Ohun tí wọ́n ṣe nígbà náà ló ń bá àìmọye ènìyàn fínra lónìí, láti orí oníṣòwò tó ń fi owó ránṣẹ́ títí dé orí aláìsàn tó ń bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Oníṣòwò obìnrin kan wọ ọkọ̀ ní Ọjọ́ta, Ìbàdàn ló ń lọ. Bí ọkọ̀ ṣe gbéra ni ọmọ rẹ̀ pè é. Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn bọ̀, wọ́n kọjá Bẹ́gà, wọ́n kọjá Ìbàfò, wọ́n kọjá Mọ́wé, ọ̀rọ̀ kò já. Kì í ṣe òpó ìbánisọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé ohùn wọn ní gbogbo àkókò yẹn o. Òpó kan ń fà á lé òmíràn lọ́wọ́ ni, bí ìgbà tí àwọn ẹbí bá ń gba ọmọ tuntun láti ọwọ́ dé ọwọ́ lọ́jọ́ ìkómọjáde.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin yìí kan náà jókòó sí ọ́fíìsì àbúrò rẹ̀, ó ń lo Wi-Fi ibẹ̀ láti san owó fún ẹni tó ń kó ọjà fún un. Ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti fi owó ránṣẹ́, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì ń jáde lọ. Kí ó tó dé ẹnu géètì, nǹkan kan ti ń pòyì lójú fóònù rẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Nígbà tó yá, fóònù ní iṣẹ́ náà kò yọrí. Kò mọ̀ bóyá owó ti lọ àbí kò tíì lọ. Ó tún un tẹ̀. Owó lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ló dé tí fóònù kan náà fi lè rin ọ̀nà márosẹ̀ tó jìn tó bẹ́ẹ̀ láìjá, tí kò sì lè rin ogún ìṣísẹ̀ láti inú ọ́fíìsì dé ẹnu géètì? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí àwọn onímọ̀ fi ṣe orúkọ fún fóònù náà.

Àwọn tó ṣe fóònù alágbèéká ti ro ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò tipẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, D. H. Ring, tó jẹ́ ẹlẹ́rọ ní iléeṣẹ́ ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan tó fi dábàá pé kí wọ́n pín ìlú sí agbègbè kéékèèké, kí agbègbè kọ̀ọ̀kan sì ní òpó tirẹ̀. Ìṣòro tó kù ni ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ nínú ọkọ̀, tó wá kọjá láti agbègbè kan bọ́ sí èkejì. Amos Joel, tí òun náà wà ní Bell, gba ìwé ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ ní ọdún 1972 lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa fa irú ẹni bẹ́ẹ̀ lé òpó tó kàn lọ́wọ́. Nígbà tí GSM fi wọ Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, ọgbọ́n yìí ti di ti gbogbo ayé. Fóònù ń wọn agbára àwọn òpó tó yí i ká láìsinmi, ó ń ròyìn rẹ̀ fún iléeṣẹ́, iléeṣẹ́ ló sì ń pinnu ìgbà tí òpó kan yóò fà á lé òmíràn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò ní mọ̀ rárá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó ń lo dátà. Iléeṣẹ́ fóònù ní ẹ̀rọ kan tó dúró bí aṣọ́bodè, ọwọ́ ẹ̀rọ yìí sì ni àdírẹ́ẹ̀sì oníbàárà wà. Bí oníbàárà ṣe ń ti òpó dé òpó, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kò yí padà níwájú ayé. Ṣùgbọ́n inú ọgbà iléeṣẹ́ náà nìkan ni agbára aṣọ́bodè yìí mọ. Wi-Fi ọ́fíìsì kò sí nínú ọgbà náà.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀. Vinton Cerf àti Robert Kahn tẹ ìlànà tó di ìpìlẹ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1974, ìlànà náà sì di èyí tí wọ́n ń lò lórí ARPANET, ìyá íntánẹ́ẹ̀tì, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1983. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà, inú yàrá ló ń gbé. Ta ni yóò gbé e sínú ọkọ̀? Nítorí náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n fún kọ̀ǹpútà láti fi ṣe orúkọ, òun náà ni wọ́n sì fi ń mọ ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà méjì bá ń bá ara wọn sọ, nǹkan mẹ́rin ni wọ́n fi ń dá a mọ̀: àdírẹ́ẹ̀sì ẹni àkọ́kọ́, àdírẹ́ẹ̀sì ẹni kejì, àti nọ́ńbà ilẹ̀kùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà wọlé. Bí ọ̀kan péré nínú mẹ́rin yìí bá yí padà, ẹni tó wà lódì kejì yóò ní òun kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oníṣòwò yẹn nìyí. Wi-Fi ọ́fíìsì ló fún fóònù rẹ̀ ní àdírẹ́ẹ̀sì nígbà tó jókòó. Bó ṣe jáde, iléeṣẹ́ fóònù fún un ní òmíràn. Kọ̀ǹpútà báńkì ṣì ń fi èsì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ti kúrò, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé tí kò sí ènìyàn níbẹ̀ mọ́.

Àwọn onímọ̀ kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 1991, John Ioannidis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ní New York gbé ọ̀nà kan kalẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1996, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tó ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní IETF, tẹ ìwé ìlànà tí Charles Perkins ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Mobile IP ni wọ́n pè é.

Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Láyé àtijọ́, bí ọmọ Òkèihò bá lọ ṣòwò ní Kánò, kì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ ibi tó dé sí. Ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí. Ẹni tó wà nílé yóò fi lẹ́tà náà sínú àpò ìwé mìíràn, yóò kọ àdírẹ́ẹ̀sì Kánò sí i lára, yóò sì fi ránṣẹ́. Bí ọmọ náà bá tún ṣí láti Kánò lọ sí Kùmásí, ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ ojúṣe rẹ̀ ni kí ó ránṣẹ́ sílé. Mobile IP gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ní àdírẹ́ẹ̀sì ilé tí kì í yí padà, ó sì ní aṣojú kan nílé. Ibikíbi tó bá dé, ó ń gba àdírẹ́ẹ̀sì àlejò, ó sì ń ta aṣojú rẹ̀ lólobó. Aṣojú yìí ló ń di ẹrù tó bá wọlé sínú ẹrù mìíràn, tó ń fi í ránṣẹ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí ní ìnira tirẹ̀. Bí ẹni tó wà ní Kùmásí bá kọ lẹ́tà sí aládùúgbò rẹ̀ ní Kùmásí, lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé Òkèihò kó tó padà wá. Èkejì ni ti olè. Bí ẹnikẹ́ni bá lè ránṣẹ́ sí aṣojú pé, “Mo ti kó lọ síbí, ẹ máa fi ẹrù mi ránṣẹ́ síbí,” ẹrù onílé ti di ti olè nìyẹn. Ìdí nìyí tí ìlànà náà fi pàṣẹ pé kí àlejò àti aṣojú rẹ̀ ní àṣírí kan láàárín ara wọn, tí wọn yóò fi dá ara wọn mọ̀. Mobile IPv6, tó jáde ní ọdún 2004, gba àlejò láyè láti sọ ibi tó wà tààrà fún ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, lẹ́yìn tí onítọ̀hún bá ti dán an wò ní àdírẹ́ẹ̀sì ilé àti ti àlejò, tí ó rí i pé ẹnì kan náà ló ń dáhùn níbi méjèèjì.

Síbẹ̀, kò tàn dé orí fóònù àwọn mẹ̀kúnnù. Ìdí rẹ̀ ni pé aṣojú gbọ́dọ̀ wà nílé. Ta ni yóò gbé e kalẹ̀ fún oníṣòwò Ọjọ́ta? Aṣọ́bodè tó wà nínú ọgbà iléeṣẹ́ fóònù tó fún iṣẹ́ tiwọn.

Ọ̀nà tó wá ń gbilẹ̀ báyìí ni pé kí ọ̀rọ̀ náà gan-an ní orúkọ tirẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, IETF tẹ ìlànà QUIC jáde, èyí tí Google ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí irú rẹ̀ ṣáájú. Nínú QUIC, kọ̀ǹpútà méjì yóò fohùn ṣọ̀kan lórí àmì kan fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Bí fóònù bá jáde kúrò lórí Wi-Fi bọ́ sí orí òpó, àmì ni yóò fi hàn. Ẹni kejì yóò fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì tuntun náà láti dán an wò, bí èsì bá sì ti bá a mu, ọ̀rọ̀ ń tẹ̀síwájú. Ó dà bí àrokò láyé àwọn baba ńlá: ohun tí wọ́n dì ránṣẹ́ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ránṣẹ́, kì í ṣe ojú ọ̀nà tí ìránṣẹ́ gbà wọ̀lú.

Àmọ́ ìlànà kì í gba ẹni tí kò lò ó. Bí iléeṣẹ́ tó ṣe áàpù kò bá mú un lò, ọ̀rọ̀ yóò ṣì máa já. Èyí ló mú kí ojúṣe wà lọ́rùn àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ owó. Ó yẹ kí iṣẹ́ owó kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà tirẹ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́ tí oníbàárà bá ti tẹ̀ ẹ́, kó fi jẹ́ pé bí ọ̀nà bá já, tí fóònù sì tún gbé iṣẹ́ náà wá, báńkì yóò mọ̀ pé èyí tí òun ti rí tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tó bá ṣe áàpù fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, tó rò pé ojú kan ni wọn yóò jókòó sí, kò tíì mọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹsẹ̀ kì í dúró lọ́jà, awakọ̀ kì í sùn sójú kan.

Títí ìgbà náà yóò fi dé, ẹni tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ kí ó dúró sójú kan títí yóò fi rí èsì. Bí ó bá mọ̀ pé òun ń jáde lọ, kí ó pa Wi-Fi kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní àárín iṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sì já, kí ó má ṣe kánjú tún un tẹ̀. Kí ó wo iye tó kù nínú àpamọ́ rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ owó tó jáde, bí kò bá sì dá a lójú, kí ó bi báńkì léèrè.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, àjọ NCC gba àwọn ọmọ Nàìjíríà láyè láti gbé nọ́ńbà fóònù wọn láti iléeṣẹ́ kan lọ sí òmíràn. Nọ́ńbà dúró, ilé ló yí padà. Ohun tí wọ́n ṣe fún nọ́ńbà yẹn ni ó yẹ kí ó kárí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń gba orí fóònù kọjá. Ìyá oníṣòwò kò pa orúkọ dà láàárín ọ́fíìsì àbúrò rẹ̀ àti ẹnu géètì. Kí ẹ̀rọ náà kọ́ láti dá a mọ̀ níbi méjèèjì.