Bàálù ti dé ọ̀nà Adó sí Ìjàn: Ta ló ń ka àwọn ẹyẹ tó ń bá ọyẹ́ wọlé?

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ é fò láìfara kanra. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pa òwe yẹn, bàálù kò tí ì sí lójú ọ̀run. Láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2022, tí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí ti ṣí pápákọ̀ òfurufú Èkìtì tó wà lọ́nà Adó sí Ìjàn, nígbà tó ku ọjọ́ kan kó gbé ìjọba lé Bíọ́dún Oyèbánjí lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ti kúrò ní ohun tí ará Ìjàn-Èkìtì lè máa fojú eré wò.

Ìdí ni pé bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, àwọn àlejò kan máa ń wọlé láìgba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lékèélékèé yóò máa tẹ̀ lé màálù, yóò máa ṣa tata tí pátákò bá tú sókè jẹ. Àwòdì yóò ti òkè Ọya wá, yóò máa rábàbà. Alápàńdẹ̀dẹ̀ tó sá fún òtútù Yúróòpù náà yóò fo aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá bá wa. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ èyí tó ń kọ́lé sábẹ́ òrùlé wa; ará ilé nìyẹn. Èyí tó ti Yúróòpù wá kì í yé ẹyin síbí, oúnjẹ àti ooru ló bá wá.

Kí ni ẹyẹ lè fi bàálù ṣe? Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kìíní, ọdún 2009, bàálù kan gbéra nílùú New York, l'Amẹ́ríkà, pẹ̀lú èèyàn 155. Kò tíì lọ jìnnà tó fi já sí àárín ọ̀wọ́ àwọn ẹyẹ ńláńlá kan tó jọ pẹ́pẹ́yẹ, ni agbára ẹ́ńjìnnì méjèèjì bá lọ. Orí odò Hudson ni awakọ̀ rẹ̀ gbé e sọ̀ sí, ẹnikẹ́ni kò sì kú. Ṣé ẹ wá rí i, odò ńlá wo ló wà láàárín Adó sí Ìjàn tí awakọ̀ lè sá lọ?

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìbọn ni ojútùú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ pápákọ̀ King Shaka sítòsí Durban ní South Africa, àwọn olùfẹ́ ẹyẹ pariwo pé àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ tó ń ti Yúróòpù wá, tí iye wọn wọ mílíọ̀nù, ń sùn nínú irà kan ní Mount Moreland tí kò jìnnà síbẹ̀. Wọn ò pa ẹyẹ, wọn ò sì fagi lé pápákọ̀ náà. Ẹ̀rọ rédà ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹyẹ, kí àwọn awakọ̀ lè mọ àsìkò tí wọ́n ń rọ́ wọlé sùn. Oṣù karùn-ún, ọdún 2010, ni pápákọ̀ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé àwọn kan ti jókòó ti irà náà, wọ́n ti mọ iye ẹyẹ àti wákàtí wọn.

Nílẹ̀ wa níbí náà, ní Ebbaken-Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River, alápàńdẹ̀dẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan ti máa ń sùn sínú èèsún lórí òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ará abúlé máa ń dẹ wọ́n jẹ kí àwọn onímọ̀ tó dá sí i. Ní Jos, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí nípa ẹyẹ, A.P. Leventis, ti wà láti ọdún 2001. Láti ọdún 2015 sì ni iṣẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilẹ̀ ibi tí ẹyẹ wà káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n pín ilẹ̀ sí ìgun mẹ́rin-mẹ́rin tó tó kìlómítà mẹ́sàn-án ní ìbú àti òró. Ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ yóò lo ó kéré tán wákàtí méjì nínú ọ̀kan, yóò sì kọ orúkọ gbogbo ẹyẹ tó bá rí.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni kí èèyàn máa ka ẹyẹ. Ọdún 1979 ni ẹgbẹ́ RSPB ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fi ń ka ẹyẹ inú ọgbà ilé wọn fún wákàtí kan lóṣù kìíní ọdún. Òun wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ológoṣẹ́ ń dín kù. Àwa ńkọ́? Igún tó máa ń bà sórí òrùlé ilé ìpẹran ti di àwátì ní ọ̀pọ̀ ìlú, kò sì sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ọdún tó lọ. Ọdún 2015 ni àjọ IUCN kéde pé irú igún tí à ń rí láàárín ìlú wà lára àwọn ẹyẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ láyé. A kò kà wọ́n, la ò ṣe mọ̀gbà tí wọ́n ń lọ.

Ìlànà àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé ni pé kí wọ́n mọ gbogbo ohun tó ń fa ẹyẹ mọ́ra láàárín kìlómítà 13 sí pápákọ̀: ààtàn, ilé ìpẹran, omi tó dá rogún, ibùjẹ màálù. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ pápákọ̀ nìkan. Ojú ọ̀nà Ìjàn yìí kan náà ni ilé-ìwé gíga Poli ti ìjọba àpapọ̀ àti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá wà. Kí ló dé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn kò lè máa ka ẹyẹ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta? Àwọn àgbẹ̀, ọdẹ àti darandaran tó mọ ibi tí lékèélékèé ń sùn náà wà níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n.

Ìwé àkọsílẹ̀, gègé àti ojú tó ṣí ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Kí ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí tó dé, nítorí ẹyẹ kò ní dúró kí a ṣèpàdé tán.