Nígbà Tí Ẹsẹ̀ Bá Kú Lórí Ẹní Àṣàrò

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké níhìn-ín ní Anié bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan lóṣù tó kọjá. Ó ní òun máa ń jókòó ṣe àṣàrò kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n bí ìṣẹ́jú 10 bá ti kọjá, ẹsẹ̀ òun á kú, ẹ̀yìn á máa ro òun, ọkàn òun kì í sì í kúrò lórí eékún mọ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa fara dà á ni, àbí kí n dìde?"

Ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ sí èmi alára. Mo bá àwọn kan jókòó nígbà kan fún wákàtí kan gbáko. Ẹni tó ń darí wa kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mira. Mo di eyín mọ́ eyín. Nígbà tí agogo dún, mo dìde gìrì, àfi bí ẹni pé n kò ní ẹsẹ̀ òsì mọ́. Mo ṣubú lu ìkòkò omi, ọrùn ẹsẹ̀ mi sì wú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ká sòótọ́, eékún mi nìkan ni mo ṣàṣàrò lé lórí lọ́jọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀jẹ̀ ló dáwọ́ dúró nínú ẹsẹ̀ tó kú. Iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára ni a sábà máa ń tẹ̀ pa. Ọ̀kan nínú wọn gba ẹ̀gbẹ́ òde eékún kọjá, lórí egungun, lábẹ́ awọ lásán. Bí a bá na ẹsẹ̀, tí a sì ní sùúrù díẹ̀, ìmọ̀lára á padà bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń gúnni. Ewu rẹ̀ ni kí a dìde kí ó tó padà.

Ti eékún yàtọ̀. Eékún dà bí àgbékọ́ ilẹ̀kùn, kí ó ṣẹ́ kí ó sì nà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbáròkó ló lè yí ká. Ẹni tí ìgbáròkó rẹ̀ le, tó sì fi ipá ká ẹsẹ̀, eékún ni yóò san gbèsè náà. Ìrora tó mú bí ọ̀bẹ nínú eékún kì í ṣe ohun à ń fara dà rárá. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá sì wú, tó gbóná, tí ẹ̀yìn ojúgun ń dunni, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ.

Ohun tó gbà mí wà nílé ìdáná ìyá mi láti ìgbà èwe mi: àpótí. Bí ìdí bá ga ju eékún lọ, ẹ̀yìn á nà fúnra rẹ̀. Aṣọ tí a ká dáadáa tó fún ẹlòmíràn. Àgàlagà sì lè lo àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀.

Ta ló sọ pé ìyẹn dín àṣàrò kù? Imran ọmọ Husayn, tí jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ lẹ́nu, bi Ànábì léèrè bí òun yóò ṣe máa kírun. Ìdáhùn tó gbà ni pé kí ó dúró. Bí kò bá lè dúró, kí ó jókòó. Bí kò bá lè jókòó, kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Nílẹ̀ Yúróòpù àtijọ́, àwọn mọ́ńkì ń dúró pẹ́ bí wọ́n ti ń ka Sáàmù, wọ́n sì kan pákó kékeré sábẹ́ ìjókòó tó ń ká sókè, kí arúgbó lè fi ìdí tì í. Orúkọ pákó náà lédè Faransé ni miséricorde, èyíinì ni àánú. Láti inú irú ìdílé ẹ̀sìn bẹ́ẹ̀ ni àwọn mọ́ńkì Dzogbégan, ní agbègbè Plateaux wa yìí, ti wá ní 1961.

Ìrora kékeré tí kì í ṣeni léṣe ńkọ́? Búdà ti fi í wé ọfà méjì: ọfà kìíní ni ìrora, èkejì ni ìráhùn tí ọkàn fi kún un. Ní 1979 ni Jon Kabat-Zinn, ní Massachusetts, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tí ìrora ti di bárakú fún láti wò ó láìbá a jà. Ibo ló wà gan-an? Ṣé ó ń gbóná, àbí ó ń gún? Ṣé ó ń rìn? Mí èémí bíi márùn-ún sí i. Bí kò bá lọ, yí ẹsẹ̀ padà jẹ́jẹ́, kí o mọ̀ pé o ń yí i.

Mo yá ọmọkùnrin náà ní àpótí kan. Ó padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ní eékún ti dákẹ́, ṣùgbọ́n oorun ló ń kùn òun báyìí. Ó di oṣù tí ń bọ̀.