Kí A Tó Bú Bánkì, Ìwé Ilẹ̀ Wa Dà?

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ bá wáyé ní ìpàdé wa ní Parakou, gbólóhùn kan náà ni a máa ń gbọ́: «Bánkì kò fẹ́ràn mẹ̀kúnnù.» A ó mi orí, a ó pòṣé, a ó sì kọjá sí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí. Èmi fẹ́ tako gbólóhùn yìí. N kò sọ pé ọ̀rẹ́ wa ni bánkì. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọwọ́ ara wa ni a fi ti ilẹ̀kùn tí a ń lù.

Àwọn baba wa mọ ohun tí a ń pè ní ìwọ̀fà. Ẹni tí ó bá yá owó a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó máa ṣiṣẹ́ fún olówó títí gbèsè yóò fi tán. Nínú ohun tí òfin òde òní ń pè ní hypothèque, ilé tàbí ilẹ̀ ni ó ń ṣe ìwọ̀fà dípò ènìyàn. Bí a bá san owó tán, ilé bọ́ lọ́wọ́ olówó; bí a kò bá san án, ilé-ẹjọ́ a mú un tà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ìwọ̀fà tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tí kò sì mọ ọmọ ẹni tí ó jẹ́? Òfin OHADA lórí ìdógò, èyí tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2010, sọ pé ilẹ̀ tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba nìkan ni a lè fi dógò bẹ́ẹ̀, àfi ìyàtọ̀ díẹ̀ tí òfin fúnra rẹ̀ là sílẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Benin, titre foncier ni ìwé tí ó jẹ́rìí sí i. Òfin ilẹ̀ ti ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2017, fi èyí múlẹ̀.

Kí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní? Convention ni: ìwé tí olùtà àti olùrà fọwọ́ sí níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Mo mọ obìnrin kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè. Ọkọ rẹ̀ ra ilẹ̀ pẹ̀lú convention, wọ́n sì kọ́ yàrá mẹ́ta sí i láàárín ọdún mọ́kànlá, búlọ́ọ̀kù lórí búlọ́ọ̀kù. Ọkọ kú. Kí ogójì ọjọ́ tó pé, ẹlòmíràn mú convention tirẹ̀ dé, lórí ilẹ̀ kan náà, láti ọwọ́ ìdílé kan náà. Wọn kò tíì parí ẹjọ́ náà títí di òní. Kì í ṣe bánkì ni ó ṣe obìnrin yìí ní ibi.

Ẹnìkan yóò ní: «Bí a tilẹ̀ ní ìwé, owó wa kò tó o.» Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Bí bánkì bá yá ènìyàn ní 10 000 000 fáráǹkì fún ọdún 15, ní èlé 8 nínú 100 lọ́dún, yóò máa san nǹkan bí 95 600 lóṣooṣù, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 17 200 000. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní òfin láti ọdún 2023 jẹ́ 52 000. Nítorí náà, òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè san án. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tí ó lè san án ńkọ́? Nítorí pé kò ní ìwé, ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ayánilówó kéékèèké ni yóò gbà lọ. Òfin UEMOA gba bánkì láyè láti gba èlé tí kò ju 15 nínú 100 lọ. Ó gba àwọn wọ̀nyí láyè dé 24. Àìníwèé ni a ń san ìyàtọ̀ yẹn fún.

Àwọn kan nínú wa kì í sún mọ́ èlé nítorí ẹ̀sìn wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Àwọn náà yóò fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ lọ́jọ́ kan, ogún tí kò ní ìwé kì í sì í pẹ́ di ìjà.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti àwọn tí ń sọ pé àjòjì ni Yorùbá ní Parakou, pé ọ̀rọ̀ titre foncier kò kàn wá. Ṣé a ti gbàgbé Gana ni? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba ibẹ̀ fún àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ti pẹ́ ní Kumasi àti Tamale fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wá ìwé, kì í ṣe ẹni tí yóò gbẹ̀yìn.

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa fún kò pọ̀. Kí àwọn tí ilẹ̀ wọn wà ní àdúgbò kan náà para pọ̀ pe géomètre kan, kí wọ́n sì jọ gbé ìwé wọn lọ sí ọ́fíìsì ANDF. Kí owó aṣọ ẹbí ọdún kan di àjọ fún iṣẹ́ yìí. Kí orúkọ ìyàwó wà lórí ìwé pẹ̀lú ti ọkọ. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ gbọ́ Faransé ka convention fún àwọn òbí yín kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ẹ má dúró di ẹ̀yìn ìsìnkú.

Àwọn àgbà ní ọmọ onílẹ̀ a tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjòjì a tẹ̀ ẹ́ bàsù-bàsù. Ó ti pẹ́ tí a ti ń tẹ ilẹ̀ Parakou bàsù-bàsù. Nígbà tí ìwé bá wà lọ́wọ́ wa tí bánkì ṣì kọ̀ wá, èmi ni n ó ṣáájú àwọn tí yóò bú u.