Wáyà Ló Jẹ Iná Yẹn, Kì í Ṣe Aládùúgbò Yín

Ọ̀rọ̀ tó ń da ilé rú la fẹ́ sọ lónìí. Ẹnì kan ní compteur lẹ́bàá títì, ẹnì kejì tí ilé rẹ̀ jìn sí òpó iná sì fa wáyà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n fi décompteur sí ilé ẹnì kejì kí wọ́n lè mọ iye iná tó ń jẹ. Nígbà tí oṣù parí, ohun tí compteur kà àti ohun tí décompteur kà kò bára mu. Oní-compteur ní wọ́n ń jí iná òun. Ẹnì kejì ní wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Bí ìjà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn láàárín àwọn tó ti ń jẹun pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Lójú tiwa, nínú ọ̀pọ̀ irú ìjà yìí, kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹnì kẹta wà láàárín wọn tí ẹnikẹ́ni kò pè wá jẹ́jọ́. Wáyà ni.

Kò sí wáyà tí iná ń gbà kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo ẹni tó ru ẹrù gba àárín èrò kọjá ní ọjà Wàndó. Bí ọ̀nà bá ṣe há tó, tó sì gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ á ṣe tán tó kó tó dé ibi tó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún iná. Wáyà tó tín-ín-rín, tó sì gùn, máa ń gba lára agbára iná lójú ọ̀nà, á sì sọ ọ́ di ooru. Ooru yẹn kò tan gílóòbù kankan, kò lọ aṣọ kankan, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní wáyà bàbà 1,5 ni wọ́n fà, torí pé owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì gùn tó mítà 200 láti ibi compteur dé ilé. Iná ń lọ, ó sì ń padà, nítorí náà mítà 400 ló ń rìn. Bí télọ̀ tó wà nílé náà bá ń lo áyọ́ọ̀nù kan tó ń fa ampère 4, nǹkan bíi volt 19 ló máa tán sójú ọ̀nà. Volt 220 tó kúrò ní òpó á ti di 201 kó tó délé. Watt 75 ló ń ṣòfò ní gbogbo ìgbà tí áyọ́ọ̀nù náà bá ń fa iná. Bó bá ń fà á fún wákàtí 5 lójúmọ́, kilowattheure 11 ó lé díẹ̀ ló ti ṣòfò lóṣù kan. Kí olúkúlùkù fi iye tó ń ra iná ṣírò rẹ̀.

Èyí tó burú jù nìyí: bí ohun tí ẹ ń fà bá di ìlọ́po méjì, àdánù kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Kí télọ̀ náà gba ọmọṣẹ́ kan sí i, kó ra áyọ́ọ̀nù kejì, ampère á di 8. Volt 37 ló máa tán lọ́nà, nǹkan bíi 183 nìkan ló máa délé. Watt 75 á di nǹkan bíi 300, kilowattheure 11 á di bíi 45 lóṣù. Èyí ló fà á tí ìjà fi máa ń bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrú. Wọ́n á ní ó ti ń jalè, bẹ́ẹ̀ oníbàárà ló ti pọ̀ sí i.

Décompteur tó wà nílé lọ́hùn-ún kò lè ka iná tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Compteur tó wà lẹ́bàá títì sì ti kà á. Ohun tí ìwé méjèèjì fi ń yàtọ̀ nìyẹn.

Èrò wa ni pé kí wọ́n gbé décompteur sẹ́gbẹ̀ẹ́ compteur, níbi tí wáyà ti bẹ̀rẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan á ní a ti gbè sẹ́yìn oní-compteur, torí pé ẹni tó wà lókèèrè ló máa wá san owó ohun tí wáyà jẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun náà ló lè yan irú wáyà tí wọ́n máa fà. Bí àdánù bá hàn nínú ìwé tirẹ̀, á rí i pé wáyà 6 tí owó rẹ̀ ga ń dín àdánù náà kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, á sì lè ṣírò iye oṣù tí owó wáyà yóò fi padà. Ohun tí wọ́n bá fi pa mọ́, kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ wa kan ẹ̀yin oníṣòwò pẹ̀lú. Wáyà kan wà lọ́jà tí ara rẹ̀ pupa bíi bàbà, ṣùgbọ́n alumíníọ́mù ló wà nínú. Alumíníọ́mù kò burú. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ wáyà ńlá orí òpó. Ṣùgbọ́n bí ó bá nípọn bákan náà pẹ̀lú bàbà, àdánù inú rẹ̀ ju ti bàbà lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ẹni tó bá tà á lórúkọ bàbà ti tan oníbàárà rẹ̀ jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀bẹ ha ẹnu rẹ̀ fún yín. Bí inú rẹ̀ bá funfun, kì í ṣe bàbà. Ó tún yẹ ká sọ̀rọ̀ nípa ibi tí wọ́n ti ń lọ́ wáyà méjì pọ̀ tí wọ́n á fi ọ̀rá wé e. Ibi tí kò bá dì dáadáa máa ń gbóná ju ibi yòókù lọ, ibẹ̀ sì ni iná ti máa ń ran òrùlé.

Wáyà tó ń gbé ohùn àti àwòrán náà kò bọ́ nínú òfin yìí. Okùn parabole tí ẹ fà wọ ilé ń sọ agbára nù ní gbogbo mítà tó bá rìn. Bó bá gùn tó mítà 100, nǹkan bí ìdá kan péré nínú 100 ló lè kù kó tó dé inú décodeur. Bí àwòrán bá ń já, ẹ kọ́kọ́ wo bí okùn ṣe gùn tó kí ẹ tó bú ẹni tó ta décodeur fún yín. Ohùn hùn-ùn-ùn tó sì ń jáde nínú baffle ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí tàbí níbi òkú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé wọ́n tẹ́ wáyà micro sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà iná. Iná tiwa ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà micro tó bá sùn tì í á sì gba ìró yẹn mọ́ra. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, ẹ jẹ́ kí wọ́n dábùú ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ tó le jù. Àwọn aláṣẹ máa ń pe àwọn wáyà tó so kọ́ra wọn yìí ní òwú aláǹtakùn, wọ́n sì máa ń fẹ́ gé wọn. Ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wáyà tó so sórí igi tó ti jẹrà lè pa ọmọdé tó ń lọ síléèwé lẹ́yìn òjò. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fa wáyà gba mítà 200 nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ibi tí òpó jìn sí ló ń fà á. Bí wọ́n bá gé wáyà náà láì mú òpó wá, òkùnkùn ni wọ́n mú wá. Iléeṣẹ́ iná àti ìlú ló yẹ kí wọ́n jọ jókòó, kí wọ́n ka iye ilé tó wà lórí òwú aláǹtakùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ibi tí ilé bá pọ̀ jù ṣe ibi tí òpó máa kọ́kọ́ dé. Kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tálákà máa san owó compteur díẹ̀díẹ̀.

Kí òpó tó dé, kí ẹ tó pe ara yín lólè, ẹ fi ẹsẹ̀ wọn wáyà yín láti òpó dé ilé, kí ẹ ka gbogbo ibi tí wọ́n ti so ó, kí ẹ sì wo bó ṣe nípọn tó. Ẹ jọ wọ̀n ọ́n, oní-compteur àti aládùúgbò rẹ̀, lójú ara yín.